Àmì Kan Lára Ìgbín

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ràn àbúrò mi. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú lọ, ẹ̀yìn mi ló wà tó fi mọ àdúgbò wa. Nígbà tí màmá wa ń kú lọ, wọn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n kàn fa ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà, ó ti ga jù mí lọ, ó sì ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, tí mo bá bú u nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n bú u. Ẹ̀tọ́ mi ni.

Iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí à ń gbé, ó kọjú sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń gba ìwé ìrìnnà, àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò ló sì ń yà láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Àpótí ìjókòó kan, aṣọ funfun kan lára ògiri, iná méjì, ó parí. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ má mira." Ó sọ ọ́ títí àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ: Má-mira. Àwọn mìíràn ti mọ̀ ọ́n fún ogún ọdún, wọn kò mọ orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́.

Èmi náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì kó iṣẹ́ tí kò fẹ́ràn rárá lé mi lọ́wọ́, ìyẹn ni kí n máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí n máa tún ojú èèyàn ṣe. Kì í ṣe ti ìwé ìrìnnà o, ìyẹn kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí bí Ọlọ́run ṣe dá olúwarẹ̀. Ti ìgbéyàwó ni, ti ọjọ́ ìbí, ti àwọn tó ń jáde nílé ìwé. Irorẹ́, àpá, èérí ara kọ́là, ohunkóhun tí oníbàárà kò bá fẹ́ rí lójú ara rẹ̀, èmi ni mo ń pa á rẹ́. Wọ́n ń pè mí ní Àǹtí Pa-á-rẹ́. Mo mọ iṣẹ́ náà débi pé ọwọ́ mi á ti dé ìdí irorẹ́ kí ojú mi tó rí i.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ náà tó yẹ kí n sọ. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń tọ́jú fọ́tò méjèèjì, èyí tí mo ti tún ṣe àti èyí tí n kò tíì fọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ kan, Má-mira ṣi èyí tí n kò tíì fọwọ́ kàn mú, ó tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, wọ́n gbé e kọ́ síwájú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Irorẹ́ kan wà ní ṣóńṣó imú ìyàwó, ó ń dán bí gílóòbù. Ìyàwó sunkún, ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ da tábìlì wa dé. Nígbà tí wọ́n lọ tán, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti òní lọ, ẹ máa tẹ èyí tó mọ́ lé èyí tó dọ̀tí lórí nínú kọ̀ǹpútà, kó má kù. Ẹ má tọ́jú irorẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́." Mo ní ó dáa. N kò tọ́jú irorẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ awò. Awò awọ̀nàjínjìn ni, èyí tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, ó gùn tó apá àgbàlagbà, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Tíṣà tó kọ́ ọ ní jọ́gíráfì nílé ìwé ló fún un nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì tí wọ́n sì ń kó lọ bá àwọn ọmọ wọn nílùú mìíràn. Kí wọ́n tó lọ, Tíṣà mú un gun orí òrùlé wa, wọ́n dojú awò kọ ibì kan, wọ́n ní kó wò ó. Ó wò ó títí. Èmi náà yọjú sí i. Nǹkan tí mo rí kò ju èéfín kékeré lọ, bí ibi tí èèyàn mí sí lára dígí. Mo ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?" Tíṣà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìràwọ̀ ni, ìràwọ̀ tí kò lóǹkà, wọ́n ṣù jọ, wọ́n ń yí po. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ tí mo ń wò yẹn ti gbéra kí èèyàn kankan tó wà láyé, ó ń rìn bọ̀ láti ìgbà náà, ojú mi ló wá balẹ̀ sí. Mo ní ó kú ìrìn. Àbúrò mi kò tilẹ̀ gbọ́ pé mo dápàárá, ó ti tún dojú dé awò.

Tíṣà fi ìwé kan sílẹ̀ fún un, fọ́tò ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀, kì í ṣe èéfín mọ́. Ó ká róbótó, ó ń ká lọ sínú títí ó fi dé ojú kan tó mọ́lẹ̀, bí ìkarahun ìgbín gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà, Ìgbín lorúkọ rẹ̀ nílé wa. "Mò ń lọ wo Ìgbín." "Ṣé Ìgbín ti yọ?" Mo ní kó fẹ́ ìyàwó, ó ní òun ń bọ̀. Obìnrin wo ló fẹ́ fẹ́ ọkùnrin tó ń fi ìgbín ṣe àlè lórí òrùlé?

Ọdún mọ́kànlá ló fi lé e. Ó fẹ́ ya irú èyí tó wà nínú ìwé yẹn fúnra rẹ̀. Èmi rò pé kò níí ṣòro fún ẹni tó ń fi fọ́tò jẹun, àṣé ọ̀tọ̀ ni. Ojú ọ̀run kì í dúró sójú kan. Tí awò kò bá yí tẹ̀lé e, ìràwọ̀ á fà gbọọrọ bí itọ́ ọmọdé. Ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn tó ń yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ìgbín jìnnà débi pé a kì í yà á lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n á tún ṣí i, wọ́n á tún ṣí i, ó di ọgọ́ta, wọ́n á wá to gbogbo rẹ̀ léra lórí kọ̀ǹpútà kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yẹn tó di púpọ̀. Ó ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àmọ́ iná ojú títì kò jẹ́ kó wọgbà. Ìkùukùu kò jẹ́. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń gbọn ilé, fọ́tò á jáde bíi ti ẹni tó ń gbọ̀n. Ó máa ń sọ pé gbogbo ayé ló ń gbọ́ tí òun bá ní ẹ má mira, ọ̀run nìkan ló letí dídi. Tí mo bá ní kó fi sílẹ̀, á ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ní ọdún kejìlá, mo rí i pé fọ́tò tó ń yà ti ń wọ́. Orí oníbàárà á gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, etí kan á gé sọnù, ọ́fíìsì ìjọba ń dá wọn padà. Mo bú u. Mo ní ṣé ó ti ń mutí ni. Ó ń forí sọ etí ilẹ̀kùn, ó ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó ní oorun ló ń kun òun. Oorun kì í pẹ́ tó oṣù mẹ́ta. Mo fà á lọ sílé ìwòsàn ojú.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kì í ṣe àgbà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní kí àbúrò mi tẹjú mọ́ imú òun, kó sọ nígbà tó bá rí bírò ọwọ́ òun. Ó ń gbé bírò náà bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Bírò dé ẹ̀gbẹ́ etí, àbúrò mi dákẹ́. Ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dákẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú kó tó ní, "Mo ti rí i." Mo wo dókítà, dókítà wo ìwé rẹ̀. Ó ní omi inú ojú ló ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀, láti etí ló ti ń pa á bọ̀ wá sáàárín, èyí tó bá sì ti kú kì í padà. Ọ̀tún ti lọ tán. Òsì dà bí ẹni ń wo ìta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Oògùn á fà á sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ kí a má retí pé ó máa tó ọdún kan.

Orí bẹ́ǹṣì ọ̀ọ̀dẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Òun kò sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ya Ìgbín kí ojú mi tó ṣú. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i nínú fọ́tò tí mo fọwọ́ ara mi yà. Tí mo bá ti rí ìyẹn, kó máa ṣú lọ."

Mo ní yóò rí i. Mo ní èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo wí bẹ́ẹ̀.

A dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, a dúró de ìgbà tí òṣùpá kò sí. Mo lọ bẹ aládùúgbò nípa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó sì pa á, kí Ọlọ́run má pa iná tirẹ̀. Òru méjì la fi wà lórí òrùlé. Èmi ni mò ń ka nọ́ńbà ara ẹ̀rọ fún un, torí kò rí i mọ́. Ẹ̀fọn jẹ mí, òtútù mú mi, mo kùn títí. Òun á fi ojú òsì mọ́ ojú kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, á yẹ fọ́tò kọ̀ọ̀kan wò, á ní ó dáa, ó kù. Nígbà tí ilẹ̀ kejì fẹ́ mọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣe mí bí ẹni pé àmì funfun kan wà níbí tí kì í sí níbẹ̀." Mo ní ojú rẹ ni, jẹ́ ká kó ẹrù wa. Ó nu ojú, ó tún wò ó, ó ní bóyá ojú òun náà ni.

Kò lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mọ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gún un lójú. Ó ní, "Ẹ bá mi tò ó, Ẹ̀gbọ́n. Eruku wọ kámẹ́rà yẹn, ẹ bá mi nu ìdọ̀tí ara rẹ̀. Kí ẹ ṣí ìwé Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ fi wé e." Ó lọ jókòó sí yàrá iwájú, ó ń kí oníbàárà. Èmi ṣí ìwé sórí itan, mo bẹ̀rẹ̀.

N kò tíì fọkàn ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìyàwó tó fẹ́ jókòó níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn, n kò tún ojú rẹ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí eruku bá ti ṣe àmì, mo pa á rẹ́. Mo wá rí ọ̀kan, àmì funfun tín-ín-rín, nísàlẹ̀ ibi tí Ìgbín ti ṣẹ́rí wọnú. Mo wo ìwé, kò sí níbẹ̀. Mo ṣí fọ́tò kejì, ó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó wà níbẹ̀. Inú bí mi sí i. Mo ní ìwọ yìí, o kò sí nínú ìwé, kí lo wá ń ṣe lójú Ìgbín àbúrò mi? Mo pa á rẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ṣí gbogbo ọgọ́ta, mo pa á rẹ́ nínú ọgọ́tọ̀ọ̀ta, mo tẹ èyí tó mọ́ lé èyí tó dọ̀tí lórí. Mo wá to gbogbo rẹ̀ léra. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹta, mo nu káàdì tí kámẹ́rà ń kó fọ́tò sí ṣófo, torí àwọn ọmọ iléèwé kan ń bọ̀ wá ya fọ́tò.

A tẹ fọ́tò náà, ó fẹ̀ tó ojú fèrèsé, mo ní kí wọ́n fi dígí sí i. Àbúrò mi súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ láti etí ìta, ó ń fi ojú òsì tẹ̀lé e wọnú, díẹ̀, díẹ̀, bí ìgbín ṣe ń rìn. Ó tó wákàtí kan kó tó dé àárín. Nígbà tó yíjú, ojú rẹ̀ ti kún fún omi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ kò rí i bó ṣe dúró ṣinṣin? Kò mira." Ayọ̀ kún inú mi lọ́jọ́ náà, mo ní màmá wa, ẹ wò ó o, mo ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ojú òsì náà ṣú. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn onípásípọ́ọ̀tù. Òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó bá ti gbọ́ pé mo gbé kámẹ́rà, á ní, "Ẹ má mira." Àwọn oníbàárà kò sì jẹ́ mira. Mo ń rò ó pé a máa ṣe é báyìí, ó máa gbé e, a máa gbé e.

Ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan ni Tíṣà pè. Àbúrò mi máa ń jẹ́ kí fóònù sọ̀rọ̀ síta, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́ níbi tí mo ti ń fi sísọ́ọ̀sì gé fọ́tò. Tíṣà ní inú ìwé ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ojú ọ̀run ni àwọn ti kà á. Ìràwọ̀ kan bú gbàmù nínú Ìgbín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnì kan lókè òkun ló kọ́kọ́ yà á, òun náà ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n sì ń wá bóyá fọ́tò tó ṣáájú tirẹ̀ wà níbì kankan láyé. Tíṣà ní, "Ọjọ́ wo lo ya tìrẹ tí o sọ fún mi yẹn?" Àbúrò mi sọ ọ́. Tíṣà ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ fi òru mẹ́ta ṣáájú rẹ̀. Wò ó dáadáa. Àmì funfun ni, nísàlẹ̀, níbi tó ti ṣẹ́rí wọnú. Tó bá wà níbẹ̀, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí i nínú gbogbo ọmọ aráyé."

Àbúrò mi ti dìde. Ó fọwọ́ wá ògiri títí ó fi kan dígí fọ́tò náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá mi wò ó. Ẹ wá bá mi wò ó, ẹ jọ̀ọ́. Mo sọ fún yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé mo rí nǹkan kan."

Mo dìde, mo lọ dúró níwájú rẹ̀, mo wo ibi tí ọwọ́ mi ti nù mọ́ tónítóní.

Mo ní, "Kò sí níbẹ̀."

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo wò ó dáadáa. Kò sí."

Òótọ́ sì ni, kò sí níbẹ̀. Irọ́ tó burú jù tí mo pa láyé mi, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fi pa á. Ó sọ fún Tíṣà pé kò sí, sà. Tíṣà ní ó dun àwọn. Ó pa fóònù, ó padà sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "A jẹ́ pé láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ojú mi ti ń parọ́ fún mi." Kò bínú. Tó bá jẹ́ pé ó bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Mo rò pé ó máa tán síbẹ̀. Kò tán. Lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aṣọ wo lẹ wọ̀ lórí òrùlé lálẹ́ tá a parí?" Mo ní aláwọ̀ ewé. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí i. Ṣé ewé ni lóòótọ́, àbí ẹ kàn fẹ́ tù mí nínú?" Lọ́jọ́ kẹta, ó bi mí bóyá irun orí mi ti funfun tó bí òun ṣe rí i gbẹ̀yìn. Oníbàárà wọlé, ó jókòó, mo gbé kámẹ́rà, mo ń retí ohùn rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrin, kò jẹun àárọ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi gbé fọ́tò yẹn kúrò lára ògiri. Ohun tí ojú ń wá lojú ń rí. Kò dá mi lójú mọ́ pé mo rí i. Bóyá ohun tó wà nínú ìwé ni mo kàn ń rántí, tí mò ń pè é ní Ìgbín mi."

Mo rí i pé gbogbo ohun tó ń kó jọ fún òkùnkùn ọjọ́ iwájú rẹ̀ ni mo ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi tí mo pọ̀n ọ́n. Mo ní, "Ojú rẹ kò parọ́. Èmi ni mo parọ́. Ó wà níbẹ̀. Ó wà nínú gbogbo ọgọ́ta. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo pa á rẹ́."

Ó ní, "Èyí tí ẹ kò tíì nù ńkọ́?"

"Mo ti tẹ èyí tó mọ́ lé e lórí."

"Káàdì ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ iléèwé."

Ó mi orí. Ó mọ òfin yẹn, òun ló ṣe é. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ó ní, "Yàrá iwájú ni mo wà. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó síbí, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Kí ló dé tí o kò bi mí?"

Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ, àbúrò mi kò pè mí ní "o" rí. N kò bá a wí.

Ó tún ní, "Ó dáa. Ìwọ nìkan ló ń ríran nínú àwa méjèèjì tó rí i. Sọ bó ṣe rí fún mi. Ṣé funfun ni pátápátá, àbí ó pọ́n díẹ̀? Ṣé etí rẹ̀ mú, àbí ó rọ̀? Sọ fún mi, jẹ́ kí n mọ ohun tí mo rí."

Mo la ẹnu. Mo wá a nínú orí mi, mo wá a, n kò rí i. Ọgọ́ta ìgbà ni mo pa á rẹ́, n kò wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mo ní n kò mọ̀. Ó dìde, ó fọwọ́ tọ ara ògiri dé ìdí àtẹ̀gùn, ó sì gòkè lọ.